Ṣé kátúùnù lè bọ́ ọmọ wa? Ẹ kà á kí ẹ tó ta ilẹ̀ ra kọ̀ǹpútà



Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Jos lóṣù tó kọjá, nígbà tí a ti ka àkọsílẹ̀ tán, tí a sì ti gba owó oṣooṣù, bàbá kan dìde. Ẹ̀yà ara mọ́tò ni wọ́n ń tà, ó sì ti lé ní 30 ọdún tí wọ́n ti wà níbí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ń jẹ àwọn lọ́kàn. Ọmọ wọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnlú tán ní òun ò wá iṣẹ́ ìjọba, kátúùnù lòun fẹ́ máa ṣe. Ó ní kí bàbá ra kọ̀ǹpútà mẹ́rin fún òun, kí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù, kí òun sì gba àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta síṣẹ́. Owó tí wọ́n máa fi ṣe é ńkọ́? Pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n rà sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n fẹ́ tà.

Wọ́n wá bi wá pé, "Ẹ̀yin ará ilé, ṣé iṣẹ́ tó ń bọ́ èèyàn nìyí, àbí eré ọmọdé?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá kan ní, "Kátúùnù kẹ̀? Èyí tí kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ tètè jẹun lálẹ́ yẹn?" Ṣùgbọ́n bàbá yìí ò rẹ́rìn-ín rárá. Alága ní kí n dáhùn, torí wọ́n mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe akáǹtáǹtì fún sitúdíò kátúùnù kékeré kan ní Àbújá kó tó kógbá sílé. Mi ò ráyè sọ ọ́ tán lọ́jọ́ náà, ni mo fi ní kí n kọ ọ́ síbí, kí àwọn òbí tó wà ní Kánò, Kàdúná, Pọtakọ́tù àti Máídúgùrí náà lè rí i kà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Jos nìkan.

Ìdáhùn mi ni pé iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kọ́ ni òwò inú rẹ̀, kì í sì í ṣe mímọ àwòrán yà nìkan. Nínú àwọn sitúdíò tí mo rí tó wọlẹ̀, kò sí ọ̀kan tí àwọn tó ni ín ò mọ àwòrán yà dáadáa.

Ìṣẹ́jú kan, èló ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tà. Àwòrán ló ń sáré tẹ̀lé ara wọn, tí ojú wa fi ń rí i bíi pé wọ́n ń rìn. Nínú fíìmù, àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ẹ bá fi 60 lọ́nà rẹ̀, ìṣẹ́jú kan jẹ́ àwòrán 1,440. Àwọn tó ń fọwọ́ yà á máa ń lo àwòrán kan lẹ́ẹ̀mejì kí iṣẹ́ lè dín kù, síbẹ̀ 720 ṣì ni. Ti orí kọ̀ǹpútà, wọn kì í yà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹnìkan ní láti mọ ọmọ náà bí ẹni mọ ère, kó kùn ún, kó fi egungun sí i nínú kó lè ká apá kó sì na ẹsẹ̀, kó tan iná síbi tó dúró sí. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà á wá máa se é jáde bí ẹni ń se ẹ̀wà lórí iná jẹ́jẹ́, nígbà mìíràn láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀. Tí NEPA bá mú iná láàárín, ẹ lè fojú inú wò ó.

Ohun tí mo fẹ́ kí bàbá wa rí níbẹ̀ ni pé owó òṣìṣẹ́ ló ń jẹ owó jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ra ẹ̀rọ. Owó oṣù ò ní dúró dè yín.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣírò, kí ẹ sì fi iye tìlú yín rọ́pò tèmi. Ká ní àwọn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gba ₦150,000 lóṣù. Mo ka ọ̀gá mọ́ wọn, torí ọ̀gá tí kò sanwó fún ara rẹ̀, owó oníbàárà ló máa fi jẹun bó bá yá. Ìyẹn jẹ́ ₦600,000. Owó ṣọ́ọ̀bù tí a bá pín sí oṣooṣù, ₦60,000. Epo jẹnẹrétọ̀, iná àti dátà, ₦140,000. Kí a fi ₦100,000 pamọ́ lóṣooṣù fún kọ̀ǹpútà tuntun, torí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ilẹ̀. Ilẹ̀ ń gbówó lórí, kọ̀ǹpútà ń dògbólógbòó. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦900,000 lóṣù.

Ká ní àwọn mẹ́rin yìí lè parí kátúùnù ìṣẹ́jú mẹ́ta lóṣù. Ọmọ wa á pín in, á ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ ₦300,000, á sì lọ kọ ìyẹn fún oníbàárà.

Ibẹ̀ gan-an ni sitúdíò tí mo bá ṣiṣẹ́ ti ṣubú. Kò sí sitúdíò kékeré tó máa ń ríṣẹ́ ṣe ní gbogbo oṣù 12. Oṣù kìíní, kò sẹ́ni tó lówó. Tí ìdìbò bá ń bọ̀, gbogbo nǹkan dúró. Ká ní oṣù mẹ́jọ ló fi ríṣẹ́ ṣe lọ́dún. Owó tó ná lọ́dún ṣì jẹ́ ₦10,800,000, torí ó ń sanwó fún àwọn òṣìṣẹ́ yálà iṣẹ́ wà tàbí kò sí. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 24 péré ló tà. Ẹ pín in: ₦450,000 ni ìṣẹ́jú kan ná an, kò tíì jèrè kọ́bọ̀. Bó bá fi èrè díẹ̀ lé e, bíi ìdá márùn-ún kan, ó di ₦540,000.

Oníbàárà á wá dé, á ní ẹnìkan ní Èkó máa ṣe é fún òun ní ₦150,000. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹni yẹn lè jẹ́ ọmọ ilé-ìwé tó ń gbé nílé bàbá rẹ̀, tí kì í san owó ṣọ́ọ̀bù. Bí ọmọ wa bá gba iṣẹ́ náà níye yẹn nítorí kó má baà jókòó lásán, ₦300,000 ló ń fi tọrẹ fún oníbàárà lórí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bó bá sì ṣe ń ríṣẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ṣe ń pọ̀ tó. Mo ti rí i rí. Ilé kún fún iṣẹ́, gbogbo èèyàn ń kí wa kú oríire, èmi tí mò ń wo ìwé owó nìkan ni mi ò rí oorun sùn.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Àwọn tó gbọ́n kì í gba òṣìṣẹ́ mẹ́rin lójoojúmọ́. Ẹnì kan tàbí méjì ló ń dúró, ìyókù ń wá nígbà tí iṣẹ́ bá dé, wọ́n á gba owó iṣẹ́ wọn, wọ́n á lọ. Bí àwọn bíríkìlà wa ṣe ń ṣe é náà nìyẹn.

Àtúnṣe tí kì í tán

Ohun kejì tó ń jẹ owó ni "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yí ìyẹn padà díẹ̀." Kátúùnù ní ìpele rẹ̀. Wọ́n á kọ ìtàn, wọ́n á ya àwọn àwòrán kéékèèké bíi tinú ìwé apanilẹ́rìn-ín láti fi hàn bí ìtàn ṣe máa lọ, wọ́n á gba ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀, kí wọ́n tó wá mú àwọn ọmọ inú rẹ̀ rìn. Nígbà tó ṣì wà nínú ìwé, ọ̀sán kan lẹ fi lè yí i padà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ti sè é tán, àtúnṣe kékeré lè gba ọ̀sẹ̀ méjì.

Oníbàárà kan ní Àbújá wo iṣẹ́ tó ti parí pátápátá, ó ní ó dáa o, ṣùgbọ́n kí a jẹ́ kí ọkọ inú rẹ̀ sanra sí i, kí ìyàwó rẹ̀ sì wé gèlè dípò kó ká irun. Ọ̀gá mi ní kò sí wàhálà. Èmi ní wàhálà wà. Gèlè yẹn jẹ gbogbo èrè iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, kí ìwé àdéhùn sọ ọ́ kedere pé ẹ̀ẹ̀mejì ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí oníbàárà sì buwọ́ lu àwọn àwòrán kéékèèké yẹn kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú. Ohun tó bá yí padà lẹ́yìn ìyẹn, owó ni.

Owó sísan náà ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ìparí iṣẹ́ ni wọ́n á tó sanwó. Èyí tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí oníbàárà san 40 nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, kó san 30 nígbà tó bá buwọ́ lu àwọn àwòrán ìtàn, kó san 30 tó kù kó tó gba ojúlówó fáìlì. Kí ó tó san án tán, ẹ̀dà tí orúkọ sitúdíò wà gàdàgbà láàárín rẹ̀ ni kó máa wò. Sitúdíò tiwa kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ tó tóbi jù lọ tó rí gbà. Iléeṣẹ́ ńlá kan ni, mi ò ní dárúkọ wọn. Ojú ń ti ọ̀gá láti bèèrè owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ńlá. A fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ lóṣù kẹta, wọ́n ń lò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, oṣù kẹjọ ni owó tó wọlé. Nígbà yẹn, àwọn ọmọ tó mọṣẹ́ jù ti bá tiwọn lọ, onílé sì ti fi àgádágodo tì wá síta. Ẹ kò gbọ́dọ̀ tijú owó yín. Àwọn ìyá wa tó ń ta aṣọ ní Terminus kì í tijú tiwọn.

Ta ló ni ehoro?

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni mo fẹ́ sọ yìí. Bàbá wa bi mí nípàdé pé báwo ni àwọn òyìnbó ṣe ń di olówó nídìí rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé owó òṣìṣẹ́ ló ń jẹ gbogbo rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ló ń sọ wọ́n di olówó. Níní ọmọ inú kátúùnù ni.

Walt Disney gan-an kọ́ ọ lọ́nà líle. Ní ọdún 1927, òun àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe kátúùnù ehoro kan tó ń jẹ́ Oswald. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1928 ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí New York láti bá Charles Mintz tó ń gbé iṣẹ́ fún un sọ̀rọ̀ pé kó fi kún owó òun. Mintz ní òun máa dín in kù ni. Ó sì ti lọ bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọṣẹ́ Disney sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, wọ́n ti gbà láti wá bá òun ṣiṣẹ́. Disney ní ó dáa, òun á mú ehoro òun lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rán an létí pé Universal ló ni ehoro, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Mickey Mouse ni òun àti Ub Iwerks wá dá sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Fíìmù Mickey tó mú un lókìkí jáde ní November 18, 1928, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn ni Mickey láé. Ehoro yẹn padà sílé ní 2006, nígbà tí iléeṣẹ́ Disney fi sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá kan ṣe pàṣípààrọ̀ fún un. Lóòótọ́ ni o, èèyàn ni wọ́n fi gba ehoro!

Ẹ má rò pé ti òyìnbó nìkan nìyẹn. Ọmọ wa kan tó ń jẹ́ Roye Okupe, tí wọ́n bí ní Èkó, lọ kàwé nípa kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà ní 2002. Ó fẹ́ ṣe kátúùnù nípa àwọn akọni ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ká a. Dípò kó jókòó máa sunkún, ó sọ ìtàn rẹ̀ di ìwé alápèjúwe, irú èyí tí àwòrán àti ọ̀rọ̀ jọ ń rìn, torí ìwé kò náni tó kátúùnù. Lábẹ́ orúkọ YouNeek Studios, ó lọ sórí Kickstarter ní 2015, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń dáwó jọ fún oníṣẹ́ ọwọ́ kó tó ṣe é jáde, bí ẹ bá fẹ́ ẹ pè é ní èsúsú orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ Dark Horse gba àwọn ìwé rẹ̀ tẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Iyanu, ìtàn ọmọbìnrin kan nínú ayé tó jọ ti Yorùbá àtijọ́. Lion Forge wá sọ ọ́ di kátúùnù, ó sì jáde lórí Cartoon Network ní April 2025. Bó bá jẹ́ pé ó fi ọdún wọ̀nyẹn ṣe kátúùnù fún àwọn ẹlòmíràn nìkan, owó oṣù ni ì bá rí. Ìwé tó kọ́kọ́ ṣe ló fi di onílé nínú ilé náà.

Àwọn mẹ́ta tó dá Kugali sílẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn. Ọmọ Nàìjíríà ni méjì nínú wọn, ọmọ Uganda ni ẹnì kẹta. Ní 2019 wọ́n sọ fún BBC pé àwọn máa na Disney ní pàṣán, Disney sì gbọ́, ó pè wọ́n. Iwájú, tó dá lórí Èkó ọjọ́ iwájú, jáde lórí Disney+ ní February 28, 2024. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa ṣàkíyèsí ni pé Cinesite ló ṣe iṣẹ́ mímú àwòrán rìn nínú rẹ̀. Ìtàn, bí ìlú ṣe rí àti bí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ ni Kugali fi wọlé.

Nípa òfin, òfin copyright Nàìjíríà ti 2022 sọ pé kí ẹ tó lè gbé ẹ̀tọ́ yín lórí iṣẹ́ fún ẹlòmíràn pátápátá, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ìyẹn dáa. Ewu rẹ̀ ni pé ìwé náà sábà máa ń wà nínú àdéhùn tí oníbàárà bá mú wá, ní ojú ewé kẹrin, tí kò sẹ́ni tó kà á débẹ̀. Kátúùnù ìpolówó ọṣẹ, kí oníbàárà gbà á, kò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ fúnra yín dá sílẹ̀, tí ẹ fún lórúkọ, ẹ fún wọn láyè láti lò ó fún ọdún kan tàbí méjì ni, ẹ má ta á. Ẹ forúkọ sitúdíò sílẹ̀ ní CAC, ẹ forúkọ ọmọ inú kátúùnù sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ọjà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin ọ̀rẹ́ fúnra yín ẹni tó ni kín ni. Ìjà ọ̀rẹ́ mẹ́ta lórí ọmọ orí ìwé lè le ju ìjà ogún lọ.

Ẹni tó lówó nílé ló ń dúnàá-dúrà

Gbogbo èèyàn ló mọ Pixar. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni bó ṣe pẹ́ tó tí wọ́n fi jẹ gbèsè. Ní 1986, Steve Jobs san mílíọ̀nù 5 dọ́là fún Lucasfilm kó tó gbà á, ó sì fi mílíọ̀nù 5 mìíràn sínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tà nígbà náà, kò sì tà. Wọ́n ta ẹ̀ka yẹn dànù ní 1990. Ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n wà lára ohun tí wọ́n fi ń jẹun, ẹ gbọ́ bí, Pixar náà ṣe ìpolówó omi ìfọnu. Jobs ń fi owó ara rẹ̀ sí i lọ́dọọdún.

Ní 1991 wọ́n bá Disney ṣàdéhùn fíìmù mẹ́ta. Disney ló máa gbówó sílẹ̀, Disney náà ló sì máa ni fíìmù àti àwọn ọmọ inú rẹ̀. Díẹ̀ ló máa kan Pixar nínú èrè. Ẹ má bú wọn, ebi ń pa wọ́n. Toy Story jáde ní November 1995, ó sì pa owó tó lé ní mílíọ̀nù 350 dọ́là káàkiri ayé. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ta ṣíà iléeṣẹ́ náà fún gbogbo ayé, wọ́n rí bíi mílíọ̀nù 140 dọ́là kó jọ.

Owó yẹn kì í ṣe fún ìgbádùn. Wọ́n padà lọ bá Disney, wọ́n ní, "Àwa náà ti lè san ìdajì owó fíìmù báyìí, nítorí náà ìdajì èrè ni kí ẹ fún wa." Ní 1997 wọ́n buwọ́ lu àdéhùn tuntun, ìdajì sí ìdajì. Ní 2006, Disney ra gbogbo wọn ní bílíọ̀nù 7.4 dọ́là. Àwọn kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló ń yàwòrán. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ní 1991 wọn ò lè sọ pé rárá.

Tiwa ò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ bàbá wa. Bó bá ní owó oṣù mẹ́fà nílé, ó lè kọ iṣẹ́ ₦150,000 yẹn, ó lè ní kí wọ́n yọ ojú ewé kẹrin kúrò. Bí gbogbo owó ilẹ̀ bá ti bá kọ̀ǹpútà mẹ́rin lọ, ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá ló máa buwọ́ lù. Èmi ò bá ní kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà kan tó lágbára, kí wọ́n sì fi ìyókù owó tí wọ́n ní sí kọpuréétíìfù ẹgbẹ́ wa lórúkọ rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kan náà tó. Sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ Blender, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń lò ó ní ilẹ̀ òkèèrè náà. Fíìmù Flow láti ilẹ̀ Latvia, tó dá lórí ológbò kan nínú ìkún omi, Blender ni wọ́n fi ṣe é, iye tí wọ́n ná kò ju bíi mílíọ̀nù 3.5 yúrò lọ. Ó gba Oscar ní March 2025 mọ́ Disney àti àwọn ńláńlá lọ́wọ́. Latvia ò tó ìdajì Èkó lérò.

Ibo ni oníbàárà wà?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ á ní YouTube. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. YouTube kì í bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó ìpolówó fún yín àyàfi tí ẹ bá ní alábàápín 1,000 àti wákàtí 4,000 tí àwọn èèyàn fi wo fídíò gígùn yín láàárín ọdún kan, tàbí iye wíwò tó pọ̀ gan-an lórí Shorts. Láti January 2020, fídíò tí ẹ bá ṣe fún ọmọdé kò ní gba ìpolówó tí wọ́n ń fi ìwà aláwò wá mọ́, ìyẹn sì ni èyí tó ń mówó wọlé jù. Nítorí náà, kátúùnù àlọ́ ìjàpá tí gbogbo ọmọ wa fẹ́ ṣe, owó YouTube nìkan ò lè gbé e. Ẹ lo YouTube bí ẹni ń pa àtẹ, kí àwọn oníbàárà lè rí iṣẹ́ yín. Tẹlifíṣọ̀n náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n níbí, ẹni tó mú ètò wá ló ń sanwó fún wọn.

Ẹ wo Bino and Fino, kátúùnù ọmọkùnrin kan àti arábìnrin rẹ̀ tí Adamu Waziri dá sílẹ̀ ní Àbújá. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti wà. Wọn ò gbára lé ibì kan. Wọ́n ta DVD, wọ́n ta ìwé, wọ́n sì gbé e sí èdè Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò fún àwọn òbí tó wà lókè òkun tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn gbọ́ èdè ilé.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí gan-an ni mo rò pé àwa ará ìdálẹ̀ ti borí. Ọmọ tí a bí sí Jos tàbí Sábó Gàrì ń sọ Yorùbá nílé, Haúsá ní ìgboro, òyìnbó nílé-ìwé. Ọmọ Èkó ò ní ìyẹn. Àwọn àjọ tó ń ṣe ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn bánkì tó ń wá oníbàárà ní òkè ọya, àwọn ilé-ìwé aládàáni, gbogbo wọn nílò kí wọ́n ṣàlàyé nǹkan ní èdè méjì mẹ́ta. Àwòrán ti wà nílẹ̀. Ẹ̀dà Haúsá kò ju ohùn tuntun àti títún ẹnu ṣe díẹ̀ lọ, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ lójú tèmi. Ẹ wá ronú èrè rẹ̀. Iṣẹ́ irú èyí ni kó fi bọ́ ara rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀, kó fi ọjọ́ karùn-ún kọ ìtàn tirẹ̀.

Bí ọmọ náà ò bá sì tíì mọṣẹ́ tó, iléèwé fíìmù ti ìjọba àpapọ̀, National Film Institute, ìlú Jos níbí ló wà. Ẹnu ọ̀nà wa ni. Àwọn ọmọ láti ìpínlẹ̀ mìíràn ń wọkọ̀ wá síbẹ̀.

Mo lọ kí bàbá wa ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Ọmọ náà wà níbẹ̀, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ dání, a jọ ṣírò iye tí ìṣẹ́jú kan máa ná an níbi tó wà báyìí, nínú yàrá rẹ̀ láìsí owó ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó rí iye rẹ̀, ó dákẹ́ títí. Ó ní òun ti gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ ilé-ìwé aládàáni kan ní Bukuru ní ìdajì iye yẹn. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti sanwó àsansílẹ̀. Ó ní wọn ò tíì san án. Mo ní, "Nígbà náà o ò tíì gba iṣẹ́ kankan." Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìpàdé.

Ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan àti pánẹ́ẹ̀lì sóláà méjì ni wọ́n fẹ́ rà, owó ọjà ni wọ́n máa fi rà á. Lọ́yà kan nínú ẹgbẹ́ wa ti gbà láti kọ ìwé àdéhùn kan tí gbogbo ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán, fídíò tàbí orin lè máa lò, yóò mú un wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tó wà ní ìlú mìíràn tí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà rẹ̀, ẹ ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín kàn sí akọ̀wé wa.